Màmá Irma Bettencourt Sandquist, Ogójì Ọdún Nídìí Omi Carrow Point (1941–2019)

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta ọdún 1941, ní àkókò tí àwọn màlúù ń ké pé kí ẹnì kan wá fún wàrà àwọn, ni Ọlọ́run fi Irma ta Joaquim àti Filomena Bettencourt lọ́rẹ ní oko wọn lórí òkè Carrow Point, ní etíkun àríwá California. Bàbá wọn wá láti erékùṣù São Jorge tí ó jẹ́ ti àwọn Potogí. Àpótí kan ṣoṣo ni ó gbé sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi, wàràkàṣì sì kún ìdajì rẹ̀. Ìyá wọn jẹ́ ọmọ àwọn tí wọ́n ti ń sin màlúù lórí òkè yìí kí ọ̀nà ọlọ́dà tó dé ibẹ̀. Irma ni ọmọ kẹrin nínú ọmọ mẹ́fà, òun sì ni ẹnu rẹ̀ mú jù. Joaquim a máa sọ pé bí òun bá fẹ́ kí gbogbo ìlú gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, òun kò nílò rédíò.

Wọ́n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Carrow Point, níbi tí olùkọ́ méjì ti ń kọ́ kíláàsì mẹ́jọ. Wọ́n parí ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 1959, lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí wọ́n fi ń wọ bọ́ọ̀sì wákàtí kan lọ, wákàtí kan bọ̀, lójú ọ̀nà oníkọ́rọ́kọ̀rọ́ etí òkun. Ìṣirò ni wọ́n mọ̀ jù. Màmá kì í fi èyí ṣe ìgbéraga; ẹni tí ó bá gbàgbé nìkan ni wọ́n máa ń rán létí.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1962, wọ́n fẹ́ Arvid Sandquist, apẹja akàn àti ẹja sámọ́ńì, ní ìjọ Kátólíìkì tí ó wà lẹ́bàá odò. Arvid kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, èyí sì dára, nítorí kò sí àyè fún aláròyé méjì nínú ilé kan. Ọlọ́run fi Marlys, Glenn àti Lenore dá wọn lọ́lá. Arvid sùn nínú Olúwa ní ọdún 2003, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélógójì tí aládùúgbò kankan kò gbọ́ ariwo láti ilé wọn, àyàfi ti Màmá.

Ọdún 1966 ni Màmá wọ iṣẹ́ Àjọ Omi Carrow Point gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé. Ará ìlú kò nílò àlàyé, ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn àlejò tí ó wá kẹ́dùn mọ̀ pé Àjọ náà kì í ṣe ti ìjọba ìpínlẹ̀, kì í sì í ṣe ti oníṣòwò kankan. Àwọn tí ń mu omi náà ni wọ́n ni ín. Ẹni márùn-ún tí ìlú dìbò yàn ni ìgbìmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń ṣe ìpàdé ní Ọjọ́rú kẹta nínú oṣù, ní ilé panápaná, láàárín ọkọ̀ pupa méjèèjì, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ní ẹ̀dùn ọkàn lè dìde kí ó sọ ọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Agogo kékeré tí ènìyàn fi ń ṣọ́ ẹyin orí iná ni wọ́n fi ń ka ìṣẹ́jú náà. Nítorí pé odò Lark tí ìlú ń mu kò tóbi, ìlú ti fẹnu kò láti ọdún 1971 pé mítà tí ń ka omi ilé kò gbọdọ̀ ju irinwó ó lé méjìlá lọ. Ènìyàn lè ní ilẹ̀ ní Carrow Point kí ó máà ní omi, ẹni tí ó bá sì ní mítà a máa tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin.

Ìdí tábìlì sú Màmá kíá. Ní ọdún 1972, wọ́n ṣe ìdánwò ìjọba fún àwọn tí ń sẹ́ omi, wọ́n yege, wọ́n sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wọ bàtà rọ́bà fún Àjọ. Dutch Ambrosini, àgbà òṣìṣẹ́ tí kò sí páìpù tí kò mọ̀, ni ó kọ́ wọn níṣẹ́. Òun ló kọ́ wọn bí a ti ń gbé orí ọ̀pá gígùn kan lé páìpù, tí a ó sì gbé etí lé orí kejì, láti gbọ́ ibi tí omi ti ń jò lábẹ́ ilẹ̀. Dutch a máa sọ pé, “Irma, pa ẹnu dé ná. Páìpù ń sọ̀rọ̀, ìwọ náà ń sọ̀rọ̀, ta ni kí n gbọ́?”

Ní ọdún 1977, ọ̀dá dá. Odò Lark gbẹ dé ibi pé àwọn ọmọdé ń fi ẹsẹ̀ là á kọjá láì bọ́ bàtà. Ìgbìmọ̀ pàṣẹ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ lò ju àádọ́ta gálọ́ọ̀nù lọ lójúmọ́. Ilé tí ó bá rú òfin náà nígbà méjì, Àjọ yóò fi irin pẹlẹbẹ oníhò kékeré kan dí ẹnu páìpù rẹ̀, kí omi máa kán wọlé díẹ̀díẹ̀. Ilé kẹta tí Màmá dí ní ìlú ni ilé tiwọn. Arvid ti ń fọ ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Ó jáde, ó bá ìyàwó rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀ nídìí mítà.

“Irma, èmi ni ọkọ rẹ o!”

“Mo mọ̀. Ọkọ mi ni ọ́. Omi ìlú ni omi.”

“Báwo ni n ó ṣe wẹ̀?”

“Òkun wà níwájú rẹ, Arvid. Ìwọ lo sọ pé o fẹ́ràn rẹ̀ ju ilẹ̀ lọ.”

Ọ̀rọ̀ yìí tàn káàkiri ìlú kí ó tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sì sí ẹni tí ó tún rú òfin ní ọdún náà. Àwọn ọmọ wọn ń dúpẹ́ pé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni ó bí wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé omi tútù kótópó ni wọ́n fi ń wẹ̀ fún oṣù méjì.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e yìí, Màmá fúnra wọn ló pa á láṣẹ pé ìdílé kò gbọdọ̀ fò ó. Lọ́dọọdún ni Àjọ máa ń yí gbogbo fáàfù abẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n má baà dípẹtà: wọn a yí i sí ọ̀tún títí yóò fi tì, wọn a sì yí i padà sí òsì títí yóò fi ṣí. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ aládàáni kan, tí ó ti kógbá wọlé kí Àjọ tó bẹ̀rẹ̀, ni ó ri páìpù òpópónà Pelican, fáàfù tirẹ̀ sì ń tì sí òsì. Kò sí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Inú orí Dutch ni ó wà, Dutch sì ti fẹ̀yìn tì, ó ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Oregon. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1978, Màmá yí fáàfù náà sí ọ̀tún, kò mira. Wọ́n rò pé ẹnì kan ló ti tì í sílẹ̀. Ni wọ́n bá yí i sí òsì, ìgbà mọ́kànlélógún, títí ó fi dúró, inú wọn sì dùn pé àwọn ti ṣí omi. Wọ́n ti tì í pa ni. Ẹnikẹ́ni kò fura, nítorí páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ìsàlẹ̀ òpópónà ṣì ń gbé omi dé àwọn ilé.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn èyí, lọ́sàn-án gangan, iná sọ ní ilé Ìyáàfin Winifred Stroud. Àwọn panápaná ìlú dé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́fà. Wọ́n so rọ́bà wọn mọ́ ẹnu omi etí títì, ohun tí ó jáde kò sì ju ìtọ̀ ọmọ ọwọ́ lọ. Ẹnikẹ́ni kò fara pa, ṣùgbọ́n ilé náà jó kanlẹ̀. Opó ni Ìyáàfin Winifred. Òkun ti gbé Clifford ọkọ wọn lọ pẹ̀lú ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀ ní ọdún 1974, wọn kò sì rí òkú rẹ̀ títí di òní. Gbogbo fọ́tò rẹ̀ wà nínú àpótí kan lábẹ́ ibùsùn. Ẹyọ kan kò ṣẹ́ kù.

Nígbà tí ilẹ̀ tutù, Màmá lọ gbẹ́ fáàfù náà síta, wọ́n sì rí ohun tí ọwọ́ wọn ṣe. Wọ́n gba ọ́fíìsì ọ̀gá wọn lọ, Ọ̀gbẹ́ni Leland Purcell, ẹni jẹ́jẹ́ tí kò fẹ́ wàhálà. Ó ti ilẹ̀kùn.

“Irma, fáàfù yẹn dàgbà ju èmi àti ìwọ lọ. Ó bàjẹ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Lọ́yà ti ní kí ẹnikẹ́ni má la ẹnu. Ta ni yóò bi ọ́?”

“Èmi ni n ó bi ara mi, Ọ̀gá.”

Ní Ọjọ́rú kẹta oṣù Kẹwàá, ilé panápaná kún débi pé àwọn kan jókòó sórí bọ́ńpà ọkọ̀. Màmá dìde. Wọ́n ní, “Fáàfù Pelican, èmi ni mo tì í. Mo rò pé mo ṣí i ni. Kò sẹ́ni tó rán mi, kò sẹ́ni tó bá mi ṣe é. Winifred, èmi ni.” Wọ́n kò lo ìṣẹ́jú kan nínú mẹ́ta. Ọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn, “Ẹ lé e dànù!” Ìyá arúgbó kan dá a lóhùn pé, “Kí ìwọ wá gbaṣẹ́ náà, àbí? Ìwọ tí o ò mọ ibi tí omi ń gbà wọnú ilé ara ẹ!” Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì pẹ́, nítorí Ìyáàfin Winifred ti dìde.

Wọ́n ní, “Ilé, ẹ ó bá mi kọ́ ọ. Mo mọ̀ yín. Ṣùgbọ́n Clifford ò ní sàréè. Àwọn fọ́tò yẹn ni sàréè ẹ̀. Ẹ má lé e. Ó mọ páìpù, èmi náà sì fẹ́ máa mumi. Àmọ́ ìwọ Irma, láti òní lọ, má bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Má kí mi, má bẹ̀ mí. Ẹnu ẹ yẹn, má là á sí mi.” Agogo dún, wọ́n sì jókòó.

Ìgbìmọ̀ dìbò, mẹ́ta sí méjì, pé kí Màmá máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹni tí ó bá mọ̀ wọ́n yóò mọ̀ pé ìdájọ́ Ìyáàfin Winifred ni ó wúwo jù. Ọ̀rọ̀ ni oúnjẹ Màmá. Inú wọn bàjẹ́ gidigidi, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí wọ́n tilẹ̀ ń pa gbogbo ìlú lẹ́rìn-ín.

Ìlú kọ́ ilé náà padà ní oṣù márùn-ún, ọwọ́ gbogbo ènìyàn ni wọ́n fi kọ́ ọ, Arvid ló sì kan òrùlé. Màmá ní tiwọn fi ọdún kan rin gbogbo ìlú, wọ́n yí fáàfù kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kun ìdérí mẹ́rìnlá tí ó ń tì sí òsì. Wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ tí ó fi gbogbo wọn hàn. Àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ Àjọ ṣì ń lò ó títí di òní, wọ́n sì rán ìdílé níṣẹ́ pé àwọn dúpẹ́.

Lóṣooṣù, Màmá a máa fi ìkọ́ irin ṣí ìdérí mítà ilé Ìyáàfin Winifred, wọn a ka á, wọn a sì kọjá láì sọ ọ̀rọ̀ kan. Ní ọdún 1983, mítà náà sáré ju bí ó ti yẹ lọ. Omi ń jò, Màmá kò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n mú káàdì Àjọ, wọ́n kọ ọ́ pé, “Lábẹ́ balùwẹ̀. I.S.” Wọ́n fi há ẹnu ọ̀nà. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n bá káàdì kan náà lábẹ́ ìdérí mítà, wọ́n ti kọ ọ́ sẹ́yìn rẹ̀ pé, “Mo ti tún un ṣe. W.S.” Màmá gbé káàdì yìí sínú Bíbélì wọn, inú rẹ̀ ni ìdílé ti bá a.

Ohun tí ìdílé kò mọ̀ ni pé Màmá ń ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́ iṣẹ́ mítà. Ilé irinwó ó lé méjìlá ni wọ́n ń dé lóṣooṣù, kò sì sí ilé tí wọn kò ti béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ní fọ́tò àjọ̀dún akàn, láàárín 1972 sí 1974? Ẹ bá mi wò ó bóyá Clifford Stroud wà níbẹ̀.” Iṣẹ́ náà le, nítorí ní àkókò yẹn kò sí ọkùnrin tí kò dá irùngbọ̀n sí ní Carrow Point, fìlà apẹja kan náà ni gbogbo wọn sì ń dé. Nígbà tí wọ́n bá rí ọ̀kan, wọn a ṣe ẹ̀dà rẹ̀, wọn a fi sínú àpòòwé pẹ̀lú ìwé owó omi Ìyáàfin Winifred. Wọn kì í kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣe é, títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní ọdún 2006.

Nínú ìgbàgbọ́, Màmá kì í pa Máàsì jẹ. Ní gbogbo ọdún, ní àjọ̀dún Ẹ̀mí Mímọ́ àwọn Potogí, àwọn ni olórí nídìí ìkòkò ọbẹ̀ sopas, ẹran màlúù àti búrẹ́dì tí a ń fún gbogbo ènìyàn jẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìyáàfin Winifred kì í ṣe Kátólíìkì, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń wá. Wọn a jókòó ní ìpẹ̀kun tábìlì, Màmá a sì rí i dájú pé egungun tí ó ní mùdùnmúdùn ni ó dé abọ́ wọn, láti ọwọ́ ẹlòmíràn.

Ní ọdún 2018, ọkàn Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárẹ̀. Wọ́n kọ ilé ìwòsàn, wọ́n ní ilé ni àwọn yóò wà. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kẹjọ ọdún 2019, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Lenore ṣí i. Ìyáàfin Winifred ni, tí wọ́n gbé ìwé fọ́tò kan sáyà.

“Lenore, ìyá rẹ ńkọ́?” Wọ́n wọlé láì dúró de èsì, wọ́n fa àga sétí ibùsùn, wọ́n jókòó. “Irma, ó tó. La ẹnu ẹ.”

Màmá wò wọ́n. Ọdún mọ́kànlélógójì! Omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, “Winifred, jọ̀ọ́, má bínú.”

“Mi ò bínú mọ́. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti bínú mọ́, ojú ló ń tì mí láti wá sọ ọ́.” Ìyáàfin Winifred ṣí ìwé náà. “Wò ó. Mẹ́tàdínlógún lo mú wá. Mẹ́rin kì í ṣe Clifford.”

“Kí lo wí?”

“Èyí tó kọ̀yìn sí wa yìí, Delbert Mosely ni. Ìgbà wo ni Clifford nírun tó tó báyìí? Èyí àti èyí, Delbert náà ni. Èyí tún nìyí, mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tó jẹ́.”

Màmá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. “Kí ló dé tí o ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?”

“Ìwọ tí mo ní kó o má bá mi sọ̀rọ̀? Ẹnu wo ni n ó fi sọ ọ́? Àti pé tí mo bá sọ ọ́, o lè má wá a mọ́.” Wọ́n di ọwọ́ Màmá mú. “Gbogbo oṣù ni mo máa ń jókòó sójú fèrèsé dè ọ́, Irma.”

Láti ọjọ́ náà, Ìyáàfin Winifred kò pa ọjọ́ kan jẹ. Fún ọjọ́ mẹ́rìnlélógún, ìdílé ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì láti ilé ìdáná, Màmá sì sọ gbogbo ohun tí wọn kò lè sọ láti ọdún 1978. Ní ọjọ́ tí ó kẹ́yìn, Ìyáàfin Winifred rán wọn níṣẹ́ sí Clifford. Ìdílé kò gbọ́ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́, ṣùgbọ́n ó gùn, Màmá sì ń mi orí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, wọ́n gba ilé lọ ní ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Ìdílé dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ìdílé dúpẹ́ lọ́wọ́ ìlú, àti lọ́wọ́ Àjọ tí ó fún obìnrin kan láàyè láti ṣe àṣìṣe kí ó sì tún un ṣe.

Àwọn tí wọ́n fi sáyé ni ọmọ mẹ́ta, Marlys, Glenn àti Lenore, ọmọ-ọmọ mẹ́fà, àtọmọdọ́mọ kan tí ń jẹ́ Filomena, àbúrò ọkùnrin kan, Agostinho Bettencourt, àti Winifred Stroud. Ìdílé ti kọ́kọ́ kọ “ọ̀rẹ́” sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ yìí. Nígbà tí Ìyáàfin Winifred ka ìwé náà, wọ́n fi pẹ́ńsù fa igi lé e, wọ́n sì kọ “àbúrò.” Bẹ́ẹ̀ ni ìdílé ṣe tẹ̀ ẹ́.

Ẹ sùn ire, Màmá. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́hùn-ún ni kí ẹ bá wọn jẹ, kí ilẹ̀ òkè Carrow Point sì rọ̀ yín lọ́rùn. Delbert Mosely ti ṣáájú yín dé ibẹ̀ láti ọdún 1988. Nítorí náà, bí ẹ bá pàdé Clifford Stroud, ẹ kọ́kọ́ wo ojú rẹ̀ dáadáa, kí ẹ má lọ jẹ́ iṣẹ́ Winifred fún Delbert.